Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìfun: Bí Oúnjẹ àti Omi Ṣe Ń Tún Ara Ṣe, àti Bí Wọ́n Ṣe Lè Bà Á Jẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gé lára ìfun rẹ̀ lè jẹun yó, kí inú rẹ̀ kún, síbẹ̀ kí ebi ṣì máa pa egungun, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn jẹ ló ń di ara rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ìfun rẹ̀ rí fà mu nínú oúnjẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ilé wa. Aláìsàn kan dé láti ilé ìwòsàn, taifọ́ọ̀dù ló lu ìfun rẹ̀ jẹ, àwọn dókítà gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ó máa mu omi tútù dáadáa, nítorí pé omi kò lọ́tàá. Ìyàwó rẹ̀ ń se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ fún un lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì wá. Aládùúgbò sì gbé àgbo kalẹ̀, ó ní kí ó fi fọ inú. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ apá ibi tí wọ́n gé lára ìfun náà, èyíkéyìí nínú oore mẹ́rin yìí lè di ìpalára. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Kí ni èròjà tí à ń wí?

Bí a bá pe mínírà lọ́dọ̀ wa, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Kì í ṣe ìyẹn ni à ń wí níbí. Àwọn èròjà tó ti inú ilẹ̀ wá ni, tí ewéko fà mu, tí ẹran jẹ lára ewéko, tí àwa náà sì ń rí lára méjèèjì. Lára wọn ni iyọ̀, tó ń di omi mú nínú ara. Kálísíọ̀mù, tó ń mú eegun le. Mágínísíọ̀mù, tó ń jẹ́ kí iṣan àti ọkàn ṣiṣẹ́ létòlétò. Irin, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àti síńkì, tó ń jẹ́ kí egbò jinná. Ara kò lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn fúnra rẹ̀. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń wọlé, ìfun ló sì ń gbà wọ́n.

Apá kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mítà 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹlòmíràn kò ju mítà 3 tàbí 4 lọ. A lè pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní ni èyí tó so mọ́ àpòlúkù. Ó kúrú, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni irin àti kálísíọ̀mù ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ jù. Apá kejì ni ti àárín, tó ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oúnjẹ tó ti dà. Apá kẹta ni ti ìsàlẹ̀, tó já sí ìfun ńlá. Apá ìgbẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń gba fítámínì B12, òun náà ló sì ń dá omi òróòro padà sínú ẹ̀dọ̀ kí a lè tún un lò láti fi da ọ̀rá. Ìfun ńlá ní tirẹ̀ ń fa omi àti iyọ̀ tó ṣẹ́kù, kí ìgbẹ́ lè ki.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Yàtọ̀ sí ohun tí a jẹ àti ohun tí a mu, ara fúnra rẹ̀ ń da itọ́, omi àpòlúkù, omi òróòro àti àwọn omi mìíràn sínú ìfun. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, omi tó ń gba inú ìfun kékeré kọjá lójúmọ́ kan tó nǹkan bíi lítà 8 tàbí 9. Ìfun tó pé ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ padà, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Bí ìfun bá ti dín kù, omi yìí ń ṣàn dànù, ó sì ń kó iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn lọ.

Ìdí tí wọ́n fi ń gé ìfun

Lọ́dọ̀ wa, taifọ́ọ̀dù wà lára ohun tó ń fa á. Bí ibà yìí bá pẹ́ lára láìsí ìtọ́jú, ó máa ń lu ìfun jẹ, apá ìsàlẹ̀ ìfun kékeré ló sì sábà máa ń kọlù. Ìpá tó há, ìfun tó lọ́ mọ́ra, ìjàm̀bá ọkọ̀, ọta ìbọn àti àrùn jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀. Bí ihò bá kéré, oníṣẹ́ abẹ lè rán an pa láìgé ohunkóhun. Bí ìbàjẹ́ bá pọ̀, yóò gé e, yóò sì so ojú méjèèjì pọ̀. Nígbà mìíràn, yóò fa ojú ìfun wá sí ara ikùn, wọn yóò sì so àpò mọ́ ọn níta kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ti ẹlòmíràn jẹ́ fún oṣù díẹ̀, ti ẹlòmíràn sì jẹ́ títí ayé.

Èyí tó kù ṣe pàtàkì ju èyí tí wọ́n gé lọ. Bí ìfun kékeré tó ṣẹ́kù kò bá tó mítà 2, àwọn dókítà ka ẹni bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ìfun rẹ̀ kúrú, ó sì nílò àmójútó àkànṣe. Nítorí náà, kí aláìsàn tó kúrò nílé ìwòsàn, kí ẹbí rẹ̀ béèrè ohun mẹ́ta, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: apá wo ni ẹ gé? Báwo ni èyí tó kù ṣe gùn tó? Ṣé ìfun ńlá ṣì ń ṣiṣẹ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni yóò sọ oúnjẹ tó yẹ.

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi lásán lè ṣàkóbá

Èyí ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ẹni tí àpò wà lára ikùn rẹ̀, tí ohun tó ń dà sínú àpò náà sì pọ̀ tó ń ṣàn bí omi, òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́ gan-an. Bó bá ń mu omi lásán láti fi pa òùngbẹ náà, ohun tó ń jáde yóò tún pọ̀ sí i, ara rẹ̀ yóò sì túbọ̀ gbẹ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ara ìfun kékeré lápá òkè dà bí ajọ̀: kì í gba kí omi tí kò níyọ̀ dúró nínú rẹ̀. Bí omi lásán bá wọ ibẹ̀, iyọ̀ yóò ti inú ẹ̀jẹ̀ jò wá bá a. Bí ìfun ìsàlẹ̀ àti ìfun ńlá bá wà níbẹ̀, wọn yóò fa iyọ̀ náà padà. Bí wọn kò bá sí, ó ti lọ nìyẹn. Lítà kan omi tó ń jáde láti apá òkè ìfun lè kó iyọ̀ tó tó nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò náà kò sàn jù: ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ara lọ, ó sì ń fa omi láti inú ẹ̀jẹ̀ wá sínú ìfun. Omi àgbọn pẹ̀lú kò tó, nítorí pé pòtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju iyọ̀ lọ.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Ní ọdún 1960, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Crane, ṣàlàyé pé iyọ̀ àti ṣúgà gúlúkóòsì máa ń di ọwọ́ ara wọn mú wọ inú ara láti inú ìfun, omi yóò sì tẹ̀ lé wọn. Òye yìí ló gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀mí là ní ọdún 1971, nígbà tí Dókítà Dilip Mahalanabis fi omi iyọ̀ àti gúlúkóòsì tọ́jú àwọn tó sá ogun Bangladesh wá sí Íńdíà, tí àrùn onígbáméjì kọlù. Òye kan náà ni àwọn dókítà ń lò fún ẹni tí wọ́n gé ní ìfun.

Irú omi bẹ́ẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí ilé ìwòsàn St Mark's ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi ń tọ́jú àgbàlagbà. Sínú lítà kan omi mímọ́, wọ́n máa ń po gúlúkóòsì gíráàmù 20, iyọ̀ gíráàmù 3.5 àti bákìǹ sódà gíráàmù 2.5. Bí a bá lo ṣíbí ike tí wọ́n fi ń wọn oògùn olómi, tó ń gba mílílítà 5, gúlúkóòsì yóò jẹ́ ṣíbí 6 tó tẹ́jú, iyọ̀ yóò jẹ́ ṣíbí 1 tó tẹ́jú, bákìǹ sódà yóò sì jẹ́ ìdajì ṣíbí tó ga díẹ̀. Bákìǹ sódà ni o, kì í ṣe bákìǹ páúdà, kì í sì í ṣe kán-ún. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa mu ún láti àárọ̀ di alẹ́. Ó máa ń rọrùn láti mu bó bá tutù. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, kí a da èyí tó kù nù, kí a po òmíràn. Dókítà sì lè ní kí aláìsàn má mu ju ìdajì lítà tàbí lítà kan lọ lójúmọ́ nínú àwọn ohun mímu yòókù, títí kan omi lásán, tíì àti ẹlẹ́rìndòdò.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbí. Èkíní, ẹni tí ìfun ńlá rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí kì í sì í yàgbẹ́ gbuuru, kò nílò omi yìí. Omi tí gbogbo ènìyàn ń mu ló dára fún un. Èkejì, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí àrùn kíndìnrín kò gbọdọ̀ dá iyọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ sí i.

Mágínísíọ̀mù, èròjà tí a máa ń gbàgbé

Apá ìsàlẹ̀ ìfun kékeré àti ìfun ńlá ni mágínísíọ̀mù ti ń wọlé jù. Bí a bá gé wọn, ó lè dín kù lọ́nà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rá tí kò dà yóò so mọ́ ọn nínú ìfun, wọn yóò dà bí ọṣẹ, wọn yóò sì jọ bá ìgbẹ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí iyọ̀ bá dín kù lára, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára di iyọ̀ mú, kíndìnrín yóò sì máa tu mágínísíọ̀mù dànù nínú ìtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ omi àti iyọ̀ ṣe.

Bí èròjà yìí bá dín kù, àárẹ̀ yóò mú ènìyàn, pajápajá yóò máa mú un, ìka yóò máa jẹ ẹ́ bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lè máa lù ségesège. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ náà yóò lọ sílẹ̀, nítorí pé láìsí mágínísíọ̀mù, ara kò lè pe kálísíọ̀mù wá láti inú egungun. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa gbé oògùn kálísíọ̀mù mì lójoojúmọ́ láìrí ìyàtọ̀, títí wọn yóò fi wo ti mágínísíọ̀mù. Ẹ̀wà, ewébẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ní in nínú, ṣùgbọ́n bí ohun tó ń ṣàn dànù bá pọ̀, oúnjẹ nìkan kì í tó. Dókítà lè fi oògùn kún un, èyí tí wọ́n sábà máa ń ní kí a lò lálẹ́, nígbà tí oúnjẹ kì í sáré jù nínú ìfun.

Ọ̀rá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti òkúta inú kíndìnrín

Ní ọdún 1954, àwọn dókítà kan ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, Kremen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ tí oúnjẹ yóò fi fo ọ̀pọ̀ ìfun kékeré kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra jù. Lóòótọ́, wọ́n fọn. Ṣùgbọ́n òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn sì bàjẹ́. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti pa iṣẹ́ náà tì. Ìyà àwọn aláìsàn yìí ló kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé e yìí.

Èròjà kan wà nínú ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ́kísálétì. Lára ẹni tó pé, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ máa ń dì mọ́ ọn, wọn yóò sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé ìsàlẹ̀ ìfun kékeré, omi òróòro kò ní tó láti da ọ̀rá. Ọ̀rá náà yóò gba kálísíọ̀mù mọ́ ọ́kísálétì lọ́wọ́. Ọ́kísálétì tó dá wà yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun ńlá, yóò dé kíndìnrín, ibẹ̀ ni yóò sì ti di òkúta. Nínú àwọn tí ìfun wọn kúrú tí ìfun ńlá wọn sì ṣẹ́kù, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni òkúta yìí ń dà láàmú.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, gbúre, ẹ̀pà, kòkó àti tíì wà lára ohun tí ọ́kísálétì pọ̀ nínú wọn. Irú aláìsàn yìí kò ní láti sá fún ẹ̀fọ́ pátápátá. Kí ó dín in kù, kí wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí wọ́n sì da omi náà nù kí wọ́n tó sè é, nítorí pé púpọ̀ nínú ọ́kísálétì ń bá omi náà lọ. Kí ó dín epo àti ọ̀rá inú ọbẹ̀ kù. Kí ó sì rí i pé ohun tó ní kálísíọ̀mù bá oúnjẹ náà rìn: wàrà, edé, tàbí ẹja kéékèèké tí a lè jẹ teegunteegun.

Ti ẹni tí kò ní ìfun ńlá mọ́, tí àpò wà lára ikùn rẹ̀, yàtọ̀. Òkúta ọ́kísálétì kì í ṣe ìṣòro tirẹ̀, kò sì pọn dandan kí ó yẹra fún ọ̀rá, nítorí pé ọ̀rá ń fún un ní agbára. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ tó gba ẹnì kan là lè ṣe èkejì léṣe.

Irin àti síńkì: kí ẹ̀jẹ̀ lè tó, kí egbò lè jinná

Bí wọ́n bá gé apá òkè ìfun, tàbí tí wọ́n jẹ́ kí oúnjẹ fò ó kọjá, irin ni yóò kọ́kọ́ dín kù. Irin tó wà nínú ẹran, ẹ̀dọ̀ ẹran àti ẹja ni ara ń tètè gbà. Ti ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ṣòro díẹ̀, ṣùgbọ́n ọsàn, tòmátò tàbí ata tútù tí a bá jẹ mọ́ ọn yóò ràn án lọ́wọ́. Ohun tó ń dí i lọ́nà ni tíì àti kọfí. Bí ènìyàn bá fẹ́ mu wọ́n, kí ó jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Kálísíọ̀mù náà máa ń dí irin lọ́wọ́, nítorí náà kí a má lo oògùn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí ni ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ti wọlé: kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ rárá. Ṣúgà mọ́ọ̀tì pọ̀, kálísíọ̀mù inú mílíìkì kò sì bá irin rẹ́.

Èròjà kan tún wà lára àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà, tí wọ́n ń pè ní fáítéètì, tó ń di irin àti síńkì mú kí ara má lè gbà wọ́n. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ti yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀ kí onímọ̀ tó dé: àgbàdo tí a rẹ, tí ó kan kí ó tó di ògì, àti irú tó ti dẹ̀, fáítéètì wọn ti dín kù. Ẹ̀wà tí a rẹ, tí a bó èèpo rẹ̀, tí a fi ṣe mọ́ínmọ́ín, sàn fún ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná ju ẹ̀wà aláwọ̀ lọ.

Síńkì ń bá ìgbẹ́ gbuuru lọ gan-an. Bó bá dín kù, ẹnu kì í mọ adùn oúnjẹ mọ́, irun á máa já, ojú iṣẹ́ abẹ kò sì ní tètè jinná. Ẹran, ẹja, ẹyin, ìṣáwùrú àti ẹ̀gúsí ni kí a wá a sí. Ní ti fítámínì B12, ẹni tí wọ́n bá gé ìparí ìfun kékeré rẹ̀ kò lè rí i gbà láti inú oúnjẹ tó bó ti yẹ. Ara ní èyí tó tò pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, nítorí náà àìtó rẹ̀ lè pẹ́ kí ó tó hàn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni dókítà yóò máa gún fún un látìgbàdégbà.

Àgbo ìfọnú àti oògùn inú

Àgbo tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ léraléra kò tọ́ sí ẹni tí ìfun rẹ̀ kò pé. Ohun tó ń pè ní ìdọ̀tí inú, iyọ̀, mágínísíọ̀mù àti síńkì ara rẹ̀ ni ó ń tú dànù. Bákan náà, oògùn omeprazole tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ọgbẹ́ inú máa ń dín bí ara ṣe ń gba irin àti mágínísíọ̀mù kù bó bá pẹ́. Nígbà mìíràn, dókítà fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ fún irú aláìsàn yìí láti dín omi inú kù. Nítorí náà, kí a má dá a bẹ̀rẹ̀, kí a má sì dá a dúró, láìsọ fún un.

Ìfun ń kọ́ṣẹ́

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ìfun tó ṣẹ́kù lè kọ́ iṣẹ́ èyí tó lọ. Ó lè fẹ̀ sí i, kí ara inú rẹ̀ sì nípọn, kí ó lè máa gba èròjà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí lè gba ọdún kan sí méjì, pàápàá fún ẹni tí ìfun ńlá rẹ̀ ṣì wà. Oúnjẹ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá gan-an ló ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tó bá ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ìgbẹ́ gbuuru ń fi iṣẹ́ náà falẹ̀ ni. Kí ó máa jẹ díẹ̀díẹ̀, nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́: ìrẹsì, iṣu, ẹ̀kọ, búrẹ́dì, ẹja àti ẹyin. Kí ó rún un kúnná lẹ́nu. Ẹni tí àpò wà lára ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àgbàdo sísun tàbí bíbọ̀, ẹ̀pà, olú àti awọ inú ọsàn, nítorí wọ́n lè dí ojú ìfun náà.

Ìgbà tí a kò gbọdọ̀ dúró nílé mọ́

Bí ìtọ̀ bá dín kù tó sì pọ́n bí epo, bí òòyì bá ń kọ́ aláìsàn nígbà tó bá dìde, bí ohun inú àpò bá pọ̀ ju lítà kan àbọ̀ sí méjì lọ lójúmọ́ tàbí tí kò bá jáde rárá, bí pajápajá kò bá lọ, bí ọkàn bá ń sáré, tàbí bí ẹ̀gbẹ́ bá ń dùn ún tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìtọ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n sì mọ̀ pé àyẹ̀wò iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ nìkan lè sọ pé kò sí nǹkan, nígbà tí ara ti gbẹ. Ìwọ̀n iyọ̀ inú ìtọ̀ máa ń tètè tú àṣírí. Ẹbí lè bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá, ìyàwó, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò náà kò gbọdọ̀ dẹ́kun ìtọ́jú. Kí ìyá po omi iyọ̀ àti gúlúkóòsì bí dókítà bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ìyàwó da omi ẹ̀fọ́ nù, kí ó sì fi edé sí i. Kí ọ̀rẹ́ ra ẹja àti ọsàn dípò mọ́ọ̀tì. Kí aládùúgbò gbé àgbo rẹ̀ padà sílé, kí ó wá bá aláìsàn ṣeré. Owó tí wọn yóò ná kò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìmọ̀ ni wọ́n fi kún ìfẹ́. Ìlera loògùn ọrọ̀.